Àwo Orin Tó Bá Mi Gbẹ̀san

Ọdún tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjòjì kó ẹrù wọn máa lọ, tí àwọn ará Gánà kún ojú títì pẹ̀lú àpò onílà-lílà tó ń jẹ́ orúkọ wọn títí dòní, ọdún náà gan-an ni èmi wọ Ìbàdàn. Àwọn ń jáde, èmi ń wọlé. Kò sí ẹni tó dá mi dúró. Ojú mi jọ ojú wọn, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò ṣe wọ́n ní kàyéfì, Yorùbá ni mo sì ń sọ. Ìgbà tí mo bá la ẹnu tán ni wọ́n tó ń bojú wẹ̀yìn.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Faransé. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń kọ ọ́, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi bu iyọ̀ sí i, má sì bá mi bomi là á. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ yín nílé-ìwé pé kí èèyàn máa dárí ji ara wọn. Èmi ò lọ ilé-ìwé.

Ìrìn àjò náà kò ní ìtàn kankan. Bàbá mi kú, oko kò mú nǹkan wá mọ́, ìyá mi ní kí n lọ wá ohun tí ọwọ́ mi bá lè ṣe. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti obìnrin kan ní Bódìjà, àti ti àwo orin kan tí àwọn ọmọ kan ṣe ní Agbowó.

Ilé obìnrin náà ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Omi ń jáde lára ògiri. Ajá wọn ní abọ́ tirẹ̀, ẹran inú abọ́ náà sì ju èyí tí wọ́n ń bù fún mi lọ. Nǹkan kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí àlejò máa ń tẹ̀, tí yóò ké bí ẹyẹ nínú ilé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ké, mo sáré jáde lọ wo orí igi. Àlejò dúró níwájú mi, èmi ń wá ẹyẹ.

Orúkọ obìnrin náà ńkọ́? Mi ò ní dá a. Màdáàmù ni kí o kọ. Wàá sì rí i pé mi ò pè é ní "wọn", bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀, mo fi "ẹ" àti "wọn" bọ́ ọ yó. Ó ti jẹ ìpín tirẹ̀ tán.

Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan wà ní ìbàdí rẹ̀ tó tóbi bí ìkúùkù. Fíríìjì ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ní kọ́kọ́rọ́. Agolo ṣúgà ńlá kan wà tó ní kí àwọn wẹ́dà jó irin sí lára kó lè gba àgádágodo. Ó máa ń fi báírò fa ìlà sára ìgò òróró, kó lè mọ ibi tó dé. Bí mo bá se ọbẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ka ẹran inú ìkòkò, yóò tì í mọ́nú yàrá, yóò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ìbàdí. Kó tó yọ sí ọ, wàá ti gbọ́ ọ: ṣìn-ìn-rìn, ṣìn-ìn-rìn. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìn mi máa ń nà.

Kì í ṣe ti kọ́kọ́rọ́ ni mo bá a jà sí o. Ohun ìní rẹ̀ ni, kó tì í.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jókòó sí pálọ̀, yóò wá ké pè mí.

"Ará Kútọnu! Wá sọ ohun tí o sè fún wọn."

Mi ò dé Kútọnu rí láyé mi. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé, "Màdáàmù, ará Kétu ni mí." Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni?" Bí mo bá ti sọ ohun tí mo sè, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ohùn wa máa ń gòkè níbi tí tiwọn ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn nìkan ni.

"Tún un sọ, jọ̀ọ́! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa omi kànga!"

Màá tún un sọ. Ìyá kan nínú wọn máa ń rẹ́rìn-ín títí yóò fi nu ojú. Màá padà sí kíṣìnnì, màá máa sọ ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ahọ́n, màá máa gbìyànjú láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bíi tiwọn. Mo wá dákẹ́. Oṣù kan odidi, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi kò kún igbá. Bí mo bá wà láàárín àwọn tó ń sọ èdè mìíràn, ǹ bá ní àjòjì ni mí, ó parí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa sọ èdè ìyá rẹ̀, kí wọ́n máa fi ṣe eré wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ gbogbo ohun tó sọ yé yékéyéké! Ìyẹn ò ní orúkọ.

Ọdún kejì, ọdún tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó tí wọ́n sì ti bọ́dà pa, ni ṣéènì góòlù Màdáàmù di àwátì. Ọjọ́ Ìsinmi náà ni. Àwọn àlejò wà ní ìjókòó. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó lọ gbé ẹrù mi, ó tú u sílẹ̀ níwájú géètì, aṣọ aláró tí ìyá mi fún mi wà nínú rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń wá inú rẹ̀.

"Ẹ wá wo olè Faransé o!"

Kò rí nǹkan kan. Ó ní ìyẹn gan-an ló fi hàn pé mo ti tà á.

"Máa lọ kí n tó ránṣẹ́ pe àwọn imigiréṣọ̀n!"

Mo ṣa aṣọ mi. Ó tẹ̀ lé mi lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò náà, ó ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má gbà mí síṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún lẹ́yìn mi: ṣìn-ìn-rìn.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo pàdé Màlámù tó ń ṣọ́ géètì wọn, ní ọjà Bódìjà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, Sábo ló ń gbé. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wàláì, ṣéènì ti jáde o."

"Níbo?"

"Inú agolo ṣúgà. Àgádágodo rẹ̀ há, ó ní kí n wá bá òun fà á. A ṣí i, ṣéènì ń wò wá látinú ṣúgà. Òun ló fi síbẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Èkó, nítorí olè. Ó ti gbàgbé."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó wo ṣéènì, ó wò mí. Ó ní, 'Màlámù, o ò rí nǹkan kan.'"

"Kò sọ fún àwọn ará àdúgbò?"

Màlámù mi orí.

Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ agolo yẹn. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ jí i, ibo ni mo fẹ́ gbà wọ inú ṣúgà? Ó mọ̀. Ó sì jẹ́ kí n máa jẹ́ olè lọ. Ibí yìí ni kí o ti mọ̀ pé ẹ̀san ni mo ń wá láti ọjọ́ náà, kì í ṣe àlàáfíà.

Ìgbà yẹn, bí a bá fẹ́ bá ará ilé sọ̀rọ̀, ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀ ni a ń lọ. Wàá forúkọ sílẹ̀, wàá jókòó sórí bẹ́ńṣì níta títí wọn ó fi pariwo orúkọ ìlú rẹ. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni èmi àti Ìdòwú, àbúrò mi, fi àdéhùn sí. Yóò mú ìyá wa wá sí pọ́sítì Kétu. Ìyá mi kì í di fóònù mú. Ìdòwú ló ń bá wọn dì í mọ́ etí, wọ́n á máa pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Ìdòwú nìkan ló dá mi lóhùn.

"Ìyá ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi... Obìnrin ará ilé wa kan tó ń tajà lójú pópó ilé tí o ti ń ṣiṣẹ́ gba inú igbó wálé. Ó ti ròyìn. Gbogbo Kétu ti gbọ́."

"Mi ò jí nǹkan kan, Ìdòwú!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá ní àwọn ò bí olè, nítorí náà àwọn ò mọ ẹni tó ń pe àwọn."

Bọ́dà wà ní títì. Bí mo bá tilẹ̀ gba inú igbó náà lọ, kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Ẹnu mi ni, ẹnu olè. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìyá mi kò fi wá síbi fóònù. Mò ń lọ sí Dùgbẹ̀ lóṣooṣù. Ìdòwú á ní, "Wọ́n wà nílé, ara wọn le," ọ̀rọ̀ á tán.

Agbowó ni mo sá sí, iwájú yunifásítì. Ilé olójúlé gígùn kan ni, yàrá ń kọjú sí yàrá, kọ̀rídọ̀ wà láàárín. Mo di alágbàfọ̀. Aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń fọ̀ tí mò ń lọ̀, wọ́n sì ń pè mí ní Àǹtí Kútọnu. Àwọn yẹn kò fi bú mi. Wọ́n gbà pé orúkọ mi ni.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ló wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Wọ́n ń kọrin. Délé ni olórin wọn, ó rí tínrín bí igi ìgbálẹ̀, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Káyọ̀dé ló ń ta gìtá oníná. Orin àwọn òyìnbó onírun gígùn ni wọ́n ń ṣe, èyí tí ìlù rẹ̀ ń gbá àyà èèyàn. Wọ́n ń pe ara wọn ní Gàárì Ọ̀sán, nítorí ìyẹn ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ti ṣe àwo kan rí, kò tà. Páálí rẹ̀ mẹ́ta wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo mọ̀ nítorí èmi ni mò ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, Délé sì ń gba imú kọrin bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn ò bá kọrin, ẹnu wọn! Wọ́n á máa sín lándílọ́ọ̀dù jẹ, wọ́n á máa sín olùkọ́ wọn jẹ, gbogbo kọ̀rídọ̀ á máa di ìbàdí mú. Mo ń ti orí agbada ọṣẹ mi gbọ́ wọn. Ọjọ́ kan ni ọkàn mi sọ pé: àwọn ọmọ yìí, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n.

Jẹ́ kí n là á fún ọ. Ní Kétu, bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń bọ̀, olórin kan wà tí a ń pè ní Ẹ̀fẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣe ìkà sí ọ láàárín ọdún, tí o kò ní agbára rẹ̀, wàá gbé obì lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀fẹ̀, wàá ro ẹjọ́ rẹ. Yóò ṣèwádìí. Bó bá jẹ́ òótọ́, yóò sọ ọ́ di orin apanilẹ́rìn-ín lójú gbogbo ìlú. Kò ní dárúkọ ẹni náà. Ẹni tí wọ́n fi kọrin kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò jáde wá jó sí orin ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán níbẹ̀. Ẹni tó bá bínú ti jẹ́wọ́.

Mo ra obì abàtà, mo wé gèlè, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀. Ìlù dákẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, a máa dín in kù!" Délé ti ń yọ okùn gìtá kúrò nínú iná.

"Ariwo kọ́ ni mo bá wá. Ẹjọ́ ni mo gbé wá fún yín."

"Ẹjọ́? Ta ló rí ẹ̀ṣẹ̀ wa?" Káyọ̀dé bi mí.

"Ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́. Ẹ gba obì yìí ná."

Wọ́n wojú ara wọn. Ebi ń pa wọ́n. Ẹnìkan ti ń pa obì náà kí n tó dìde. Mo rò ó fún wọn láti orí agolo ṣúgà dé orí ìyá mi. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n Àǹtí," Délé ní, "rọ́ọ̀kì ni àwa ń ṣe o."

"Ohun tó bá wù kó máa jẹ́. Ẹ ní ẹnu, ẹ ní ìlù, ẹ sì ti jẹ obì."

"Obì tí a jẹ yẹn, àbí ó túmọ̀ sí nǹkan ni?"

"Ó túmọ̀ sí pé ẹ ti gbà á."

"Káyọ̀dé, mo ní kó o má jẹ ẹ́!"

Èmi ni mo ṣì í o. Mo rò pé kò sí olórin tí kò mọ òfin yẹn. Ṣùgbọ́n wo ohun tí Délé ṣe: ó dìde lọ sí Bódìjà lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Màlámù lẹ́nu géètì, ó wádìí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nígbà tó dé, ó ní, "Àǹtí, òótọ́ ni. Mo tún gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ náà." Ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ jókòó, ẹ tún un sọ. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ sọ ọ́."

Àwo kejì wọn ni orin yẹn wọ̀. *Ẹ Má Bínú* ni wọ́n pe àwo náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló bá wọn tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí mo ti gbọ́ ọ ju bí àlùfáà ṣe gbọ́ ìwé rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti ju Gẹ̀ẹ́sì imú nù. Orin àkọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin kan tó tò láti àárọ̀ kùtù kó lè ra mílíìkì àti ọṣẹ, bí a ṣe ń tò nígbà àwọn sójà. Ìgbà tó dé iwájú ló mọ̀ pé ìlà àwọn tó ń ra pósí ni òun tò sí, ó sì rà á, kó má bàa tò lásán. Ìlù rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ìlà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ya sísá. Orin kejì sọ ti lándílọ́ọ̀dù tó ń gbóòórùn áyọ́ọ̀nù iná ayálégbé láti Mọ́níyà, nítorí owó iná. Èmi alágbàfọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ẹ̀kẹta, orin ìfẹ́ ni, kò dáa. Mo sọ fún Délé lójú rẹ̀ pé aṣọ tí wọ́n fọ̀ láìní ọṣẹ ni. Ó ní gbogbo àwo gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan. Mo ní ta ló fi òfin yẹn lélẹ̀?

Yí i sí ojú kejì. Orin tèmi ló bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, "Màdáàmù Kọ́kọ́rọ́." Kò sí gìtá, kò sí ìlù. Ìdì kọ́kọ́rọ́ nìkan, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ṣìn-ìn-rìn, ṣìn-ìn-rìn, ó ń sún mọ́ ọ, àyà rẹ ti ń já kí o tó mọ ìdí. Ilẹ̀kùn dún, gbà! Ìgbà náà ni gìtá Káyọ̀dé ké bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Agolo ṣúgà òfìfo ni wọ́n ń lù nídìí rẹ̀ jálẹ̀. Délé wá wọlé:

*Ó ti ṣúgà, ó ti iyọ̀,*
*Ó ti omi mọ́nú àmù;*
*Góòlù lọ sùn sínú ṣúgà,*
*Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?*

Ohùn mi ló fi kọ ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Ohùn Kétu. Ó gòkè níbi tí tiwọn ti ń sọ̀. Ó ní òun gbìyànjú láti fi ti Ìbàdàn kọ ọ́, kò dùn. Ti Kétu ló ní orin nínú. Mo wọ yàrá mi lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Kí oṣù méjì tó pé, ó ti gba ìlú. Àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ ní Ṣáléńjì ń jan kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara ọkọ̀, àwọn èrò á dáhùn nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ọ́. Ọmọ Ìbàdàn, àgbà Ìbàdàn, wọ́n ń gbé ohùn sókè bí ará Kétu, wọn ò sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Mò ń gbé aṣọ fífọ̀ lọ sí yunifásítì lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rìn ní ìlú yẹn bí ẹni tó bá wọn pín in.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Délé ti bi mí, "Àǹtí, ṣé ká dárúkọ àdúgbò?" Mo ní, "Ó tì o. Òun ló máa dá a."

Sátidé ni, mo wà lórí bẹ́ńṣì níwájú ọ́fíìsì tẹlifóònù. Òdìkejì títì, ọkùnrin kan tó ń ta àwo orin gbé ẹ̀rọ ńlá síta, ó ń lu "Màdáàmù Kọ́kọ́rọ́" fún gbogbo Dùgbẹ̀. Ọkọ̀ Pijó kan dúró. Mo mọ ọkọ̀ náà. Màdáàmù bọ́ sílẹ̀.

"Pa ìranù yẹn!"

"Ẹ káàsán, Màdáàmù. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ní kó o pa á! Ṣé èmi ni ẹ ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ìgboro?"

Ọkùnrin náà la ẹnu sílẹ̀. Ojú rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ojú Màdáàmù dé ìbàdí rẹ̀, níbi tí ìdì kọ́kọ́rọ́ ti ń jó.

"Háà!" ó ní. "Àṣé ẹ̀yin ni?"

Obìnrin oníbúrẹ́dì kan tó ń kọjá lọ gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ráyè pariwo. "Yéè! Ẹ wá o! Màdáàmù Kọ́kọ́rọ́ rèé!"

"Màdáàmù, ẹ dákun, ta ló ní kọ́kọ́rọ́?" ẹnìkan bi í láti ẹ̀yìn.

Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Dùgbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, wá dá orúkọ ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ṣubú lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ń pè "Kétu! Kétu!" nínú ọ́fíìsì, mi ò gbọ́. Ìpè mi lọ lásán lọ́jọ́ náà. Kò dùn mí.

Màlámù ló ń mú ìyókù wá fún mi, mo sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń fọ́ egungun mu mùdùnmúdùn. Ṣọ́ọ̀bù Màdáàmù ní Ríǹgì Róòdù, àwọn èèyàn ń wá wò ó, wọn ò ra nǹkan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù ìkórè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ìdì ìbàdí rẹ̀, ó ń kó o sínú báàgì. Báàgì náà ń dún. Àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ ra kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú pálọ̀ tí mo ti ń sọ ohun tí mo sè. Mo bi Màlámù pé ṣé ojú rẹ̀ ti hun. Ó ní ó ti hun. Mo ní kó ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa.

Màdáàmù fúnra rẹ̀ wá àwọn olórin náà dé Agbowó nígbẹ̀yìn. Àwọn ayálégbé wà ní àgbàlá, àwọn kan ń fọ̀, àwọn kan ń dáná. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi dé ìgúnpá.

"Ẹ káàbọ̀, Màdáàmù," mo ní. Mi ò nu ọṣẹ náà kúrò.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ àti àwọn ọmọ yìí jọ ń gbé. Sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Jọ̀ọ́."

"Orin tó ti wọ inú àwo, Màdáàmù, kò ṣeé fọ̀ kúrò. Bó bá ṣeé fọ̀, èmi ni ẹ bá gbé e fún."

"Kí lo wá fẹ́?"

Mo ti ń ronú kan ìbéèrè yẹn fún ọdún kan ó lé. "Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí ṣéènì."

"O ti mọ̀."

"Àwọn wọ̀nyí ò mọ̀. Ẹ sọ fún wọn, bí mo ṣe máa ń sọ ohun tí mo sè fún àwọn àlejò yín."

Ó wo ilẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá àmù sọ̀rọ̀: "Inú agolo ṣúgà."

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Àwọn tó wà nídìí iná kò gbọ́."

"Inú agolo ṣúgà! Èmi ni mo fi síbẹ̀! Kò jí i!"

Ọbẹ̀ ẹnìkan ń jó, kò sẹ́ni tó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Délé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó padà wọlé, ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé ojú kejì.

Ṣìn-ìn-rìn, ṣìn-ìn-rìn. Màdáàmù yí padà, ó ń lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀. Kọ̀rídọ̀ náà gùn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń yára, bẹ́ẹ̀ ni ìlù ń yára. Ó fẹ́ kúrò lójú ìlù náà, kò ríbi yà sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ìlù mu lọ́kọ̀ọ̀kan, bó fẹ́ bó kọ̀, títí ó fi dé ẹnu géètì.

Mi ò sìn ín. Aṣọ wà nínú omi.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yẹn, wọ́n pè "Kétu!", mo wọlé, mo gbé fóònù sétí, mo ní, "Ìdòwú." Kì í ṣe Ìdòwú.

"Ta ló kọ ẹ̀fẹ̀ yẹn?"

Mo di tábìlì mú. "Ìyá?"

"Mo ní ta ló kọ ọ́? Àwọn tó ń gba inú igbó kó ọjà ló kó o wálé. Gbogbo ìlú ń kọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú rẹ̀, mo ní ọmọ mi ló ń ro ẹjọ́ yìí."

"Àwọn ọmọ kan ni, Ìyá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lu agolo yẹn ń sáré jù, sọ fún un." Mo ń gbọ́ èémí wọn. "Obìnrin náà ńkọ́? Ṣé ó jáde wá jó?"

"Ó jó, Ìyá. Ojú mi ló ṣe."

"Ó dáa," ìyá mi ní. "Báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń jẹun?"

Nígbà tí mo lọ́kọ ní Agbowó níbẹ̀, tí mo bí ìyá rẹ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n dàgbà tó láti bi mí léèrè, mo sọ fún wọn pé bí ẹnìkan bá purọ́ mọ́ wọn, kí wọ́n má purọ́ mọ́ ọn padà, nítorí irọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu ará ìlú. Kí wọ́n wá òótọ́ kan ṣoṣo tó tì mọ́nú agolo, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lù. Kí wọ́n sì jókòó síbi tí wọ́n á ti rí i dáadáa nígbà tó bá ṣí.

Ìyá rẹ ló bi mí, ó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ wá ti dárí jì í báyìí?"

Mo ní kó bá mi yí àwo náà sí ojú kejì.